Bàbá Mi, Ẹ̀dọ̀ Yín Ni, Kì Í Ṣe Ọtí

Bàbá mi,

Iléṣà ni mo wà tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú ilé tí ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ìyàwó Délé ọmọ mi ló ń kọ ọ́ fún mi. Ẹ kò mọ ìyàwó náà, ẹ ti lọ kí Délé tó gbé e wálé. Olùkọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi adùn sí i, kó má sì fo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òun.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ẹ ti lọ. Bí ẹ bá dé lónìí, ẹ ó ṣìnà. Mọ́tò kì í gba apá òsì mọ́, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà báyìí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì yí i. Ọkọ̀ ojú irin Òṣogbo kò jẹ èédú mọ́, epo ló ń mu. Nígbà tí Délé sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo ní ẹ ó bínú. Ṣebí ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ tí kò bá rú èéfín, ìkòkò lásán ni?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo ṣẹ̀ yín. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé mo ṣẹ̀ yín, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkó èédú síná ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo tí ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi, inú mi dùn. Màmá ti kú, èmi nìkan lẹ sì bí. Kò sí ojú irin ní Iléṣà, síbẹ̀, bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ó yọ aago yín lápò, ẹ ó kọ etí sí ọ̀nà Òṣogbo. Mo máa ń bi yín pé etí ta ló lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ibẹ̀ yẹn. Ẹ ó kàn dáhùn pé ó pẹ́ díẹ̀ lónìí. Mo gbọ́ pé àwọn mìíràn máa ń fẹ́ kí òkú wọn wá súre fún wọn. Ní tèmi, kí ẹ tún wí lẹ́ẹ̀kan sí i pé ọkọ̀ pẹ́, ó tó mi.

Mo bọ́ yín. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò bọ́ bàbá mi. Iyán láàárọ̀, iyán ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá. Láàárín méjèèjì, tíì tí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó rélùwéè: hóró ṣúgà mẹ́fà nínú ife kan, kí ẹ tó wá da mílíìkì agolo lé e, kí ẹ fi búrẹ́dì sìn ín. Bí mo bá ní ṣúgà náà pọ̀, ẹ ó ní ṣé ẹni tó jẹ èéfín fún ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ jẹ ohun dídùn ni? Kí ni n bá wí? Ikùn yín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ẹ̀wù yín lọ sọ́dọ̀ télọ̀ pé kó tú u sílẹ̀. Nígbà kẹta, tuntun ni mo dá. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní àdúgbò wa. Bí àgbàlagbà bá rù, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Bó bá sanra, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń kí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kí mi. Àwọn tó wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi á wò yín lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ọwọ́ tó bọ́ bàbá báyìí, ọṣẹ rẹ̀ kò lè burú.

Ọṣẹ dúdú tí mo ń sè, ẹ mọ̀ ọ́n. Eérú èèpo kòkó àti àdín, kò sí àbùlà. Kò sí ìdọ̀tí tí kì í bó. Ṣùgbọ́n kò lè bó ọrùn yín. Ẹ̀yìn ọrùn yín dúdú ju ojú yín lọ, ó nípọn, ó rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Abíyá yín náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ní èédú ni, pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iná, èédú ti wọ awọ lọ. Ẹ̀yin náà gbà pé èédú ni, ẹ tilẹ̀ ń fi yangàn. Èmi gan-an ni kò lè gbà á. Bí oníbàárà bá rí bàbá ọlọ́ṣẹ tòun ti ọrùn dúdú, kí ni yóò rò nípa ọṣẹ?

Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń jókòó tì yín ní ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń fi kànìnkànìn bó ọrùn yín. Mo fi eérú kún ọṣẹ kó lè mú. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ kò pariwo. Ẹ kàn béèrè bóyá ó ti ń mọ́. Ṣé ó dùn yín púpọ̀ ni? Ẹ kò sọ, èmi náà kò sì bi yín.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo rí tí n kò rí. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lórí àga, ẹ ó fi ọwọ́ ti abẹ́ ìhà ọ̀tún, bí ẹni tó gbé ẹrù síbẹ̀ tí kò fẹ́ kó já bọ́. Mo rò pé àṣà àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni. Láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà, ẹ ó sì dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá jẹun tán, oorun ni. Mo ní ọjọ́ orí ni, mo ní ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ sùn.

Lẹ́yìn náà ni ara ń yún yín. Ẹ ń fi ẹ̀yìn ha férémù ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọṣẹ mi ló le jù, mo dín eérú kù, kò dá. Ojú yín pọ́n bí epo. Ìtọ̀ yín dúdú bí tíì tí wọn kò da mílíìkì sí. Mo ní ibà ni, mo se àgbo, ẹ ní ó korò, ẹ sì mu ún tán nítorí èmi ni mo sè é. Ẹsẹ̀ yín wú. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jin, kì í tètè dìde. Ikùn yín ń le sí i, apá yín sì ń gbẹ. Ó yẹ kí ìyẹn là mí lójú, nítorí ẹni tó ń sanra kì í gbẹ lápá.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ yín ló kàn yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́n. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu yín. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n lórí ife. Ẹ ń fi orúkọ ìyá mi pè mí. Òórùn kan sì ń jáde lẹ́nu yín, ó ń dùn bí èso tó ti rà. Mo mọ òórùn ẹnu ọ̀mùtí. Mo ní ó tán, bàbá mi ti ń mu ògógóró níkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ẹmu níbi ìgbéyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwo ọrẹ kiri nínú ìjọ láti ọdún tí ẹ ti dé.

Mo tú àpótí yín. Mo rí fìlà iṣẹ́ yín, mo rí páálí ṣúgà méjì, n kò rí ìgò. Ẹni tó bá ní làákàyè, ibẹ̀ ni ìbá ti dúró. Èmi ní ẹ gbé e pamọ́ síbòmíràn. Mo lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní kí wọ́n bá mi bá bàbá mi wí kí wọ́n tó kó ìtìjú bá mi. Wọ́n pè yín. Ẹ kò lè sọ̀rọ̀ kó tọ́, wọ́n sì ní ẹ̀rí kò tún ju ìyẹn lọ. Wọ́n gba àwo ọrẹ lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kí ẹ má wá síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́ títí ẹ ó fi ronú pìwà dà.

Nígbà tí a délé, ẹ jókòó, ẹ wò mí. Ẹ ní, “Ọmọ mi, mi ò fẹnu kàn án.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ má fi irọ́ kún un.”

Ẹ kò tún un sọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ tún lò. Ìsìnkú yín kúrú, orin kan ni wọ́n kọ. Kí ni mò ń rò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn? Ìbínú nìkan ni mo rántí. Mò ń fún yín lómi, mò ń pa aṣọ yín dà, mo sì ń yí imú kúrò lẹ́nu yín.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà títí di ìkórè tó kọjá. Délé wá láti Òṣogbo tòun ti ìyàwó rẹ̀. Akọ̀wé ni níbi iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ó ti sanra, ó sì dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́. Ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn kí onígbàjámọ̀ gé irun rẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà fa abẹ dé ẹ̀yìn ọrùn, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ọrùn olówó rèé. Abẹ mi ń yọ̀ lórí ẹ̀.”

Mo sún mọ́ wọn. Mo wò ó. Ó dúdú, ó nípọn, ó rí múlọ́múlọ́. Mo ti na ọwọ́ sí kànìnkànìn kí ọkàn mi tó dá mi dúró. Délé kò fọwọ́ kan èédú rí láyé rẹ̀. Gègé ìkọ̀wé ló ń mú. Èédú wo ló wà nínú gègé? Bí kì í bá sì ṣe èédú ló wà lọ́rùn Délé, kí ló wà lọ́rùn bàbá mi?

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Wọ́n rò pé oòrùn ló mú mi, wọ́n ń bu omi wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó jẹun tán, ó sùn. Ó jí, ó fẹ́ dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ ti abẹ́ ìhà ọ̀tún. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ka ìyẹn.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé iyán kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo fi ọwọ́ ara mi bu ìdajì kúrò. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Ìyá ọkọ kì í bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kúrò níwájú ìyàwó. Ó wò mí, ó ní, “Màmá, ṣé sísanra tí ọkọ mi sanra ló ń dùn yín ni? Àwọn ìyá ọkọ mìíràn a máa dúpẹ́.”

Ó ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró báyìí, ó ní kí á fo ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́. Òun ló sọ ọ́, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, n bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Délé ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kò síbi tó ń dun òun, òun kì í mutí, òun kì í mu sìgá, kí ni òun fẹ́ lọ wá nílé ìwòsàn? Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo bú u, kò gbọ́. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tí n kò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan. Ìbàdàn ló wà nígbà tí ẹ kú, ibà ni mo sì sọ fún un pé ó pa yín. Mo jókòó, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un níwájú ìyàwó rẹ̀: ọrùn, ìhà, ojú, ẹsẹ̀, òórùn, àwo ọrẹ, ohun tí ẹ sọ fún mi àti ohun tí mo fi dá yín lóhùn. Ẹ mọ̀ pé n kò fẹ́ràn kí ọmọ mi rí ìtìjú mi. Ó rí i. Iyán náà tutù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Délé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ẹ wọ bàtà yín.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ.

Dókítà tó rí wa, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni, kò tó Délé lọ́jọ́ orí. Ó ní kó dùbúlẹ̀, ó fi ìka tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún, ó ní kó mí sínú. Ó bi í bóyá ó ń mutí. Délé ní rárá. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ máa bínú. Ojú Délé ni mò ń wò. Mo ní bí wọ́n ṣe bi bàbá mi nìyí, àmọ́ bàbá mi kò ní ẹni tó dúró tì wọ́n.

Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti wú, pé ó jọ pé ọ̀rá ló ti bò ó. Ó ní ẹ̀dọ̀ kì í ké. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rí àmì kankan títí yóò fi bàjẹ́ jìnnà. Àwọn mìíràn, àárẹ̀ ni wọ́n máa rí, tàbí kí abẹ́ ìhà ọ̀tún máa wúwo. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọrùn dúdú ló jẹ́ àrùn, ṣùgbọ́n bí ọrùn dúdú bá pàdé ikùn ńlá, kí olúwarẹ̀ má bínú, kó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Mo bi í bóyá ẹni tí kò tọ́ ọtí wò rí lè ní i.

Ó ní, “Màmá, ó lè ní i dáadáa.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Mo wá sọ tiyín fún un. Ó gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní òun kò lè búra lórí ẹni tí òun kò rí, ṣùgbọ́n bí ojú bá ti pọ́n, tí ẹsẹ̀ wú, tí ikùn le, ẹ̀dọ̀ ti ń kú lọ nìyẹn. Bó bá sì ti kú tán, ìdọ̀tí tó yẹ kó máa fọ̀ a máa gun orí, aláìsàn a máa rìn bí ọ̀mùtí, a máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí. Ó ní òórùn náà, ẹ̀dọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Bàbá, òórùn ikú yín ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ka ìfilọ̀ tán, mo dìde. Mo ní, “Bàbá mi kò mutí. Èmi ni mo wá sọ ohun tí n kò rí. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa wọ́n.” Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n kọ ti ìṣáájú sí. Àgbà tó gba àwo ọrẹ lọ́wọ́ yín ṣì wà láyé. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, ẹni tó lọ ti lọ. Mo ní èmi kò bá ẹni tó lọ wí, àwa tí a kù ni mò ń bá wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Títí di òní, wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kẹta, àgbà kan náà wọlé sí ìdí ọṣẹ mi. Kò ra ọṣẹ. Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba, ó ní, “Ìyá Délé, bá mi wo ọrùn mi.” Bàbá, mo rò ó kí n dákẹ́. Mo rò ó kí n jẹ́ kó gbé ọrùn rẹ̀ lọ sílé bó ṣe gbé e wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó na ọwọ́. Mo wo ọrùn, mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ níbi ìmọ́lẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó lọ rí dókítà, kó má sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan fi kànìnkànìn bó o. Ó lọ.

Ní ti Délé, dókítà ní kò sí oògùn tó ń fọ ọ̀rá kúrò lẹ́dọ̀. Kó dín iyán kù, kó pa ṣúgà àti mínírà ẹlẹ́rìndòdò tì, kó máa rìn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wọn iyán fún un báyìí, ó sì le ju tèmi lọ. Àwọn ará Òṣogbo ti ń bi í léèrè bóyá ebi ló fi ń pa ọkọ rẹ̀. Ó ń gbé e mì. Ẹ bá mi kí i. Nígbà tí a padà lọ sílé ìwòsàn kẹ́yìn, dókítà tẹ ìhà náà, ó ní ó ti ń rọ̀, ṣúgà inú ìtọ̀ sì ti ń kúrò. Kò tíì tán. Mo béèrè bóyá ì bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín ká ní mo gbé yín lọ nígbà tí ọrùn yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúdú. Ó ní kí Délé máa wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?

Sátidé tó kọjá, wọ́n wá láti Òṣogbo, èmi àti Délé sì jọ rìn ní kùtùkùtù, a gba ọ̀nà òkè. Èmi ló rẹ̀. Mo pè é kó dúró dè mí, kò gbọ́. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì ń ju ẹsẹ̀ òsì síta. Ogójì ọdún ni mo ti bí i, n kò mọ̀ pé ó ń rìn bíi yín. Ọ̀rá ló ti bo ìrìn náà mọ́lẹ̀.

N kò pè é mọ́. Mo ń wò yín lọ títí ẹ fi yà ní kọ́nà.

Èmi ni,
ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó gbà yín gbọ́ báyìí.